Wọ́n Ní Kó Wo Ojú Ọmọ Náà

Òórùn tòmátì tó ti ń rà ló máa ń kọ́kọ́ kí ènìyàn ní wọ́ọ̀dù náà, kí òórùn Ísáàlì, oògùn apakòkòrò, tó dé. Ilé ìwòsàn náà wà ní Ìkòsí, kò jìnnà sí títì tó lọ sí ọjà Mile 12, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́ọ̀dù àwọn aláboyún àti abiyamọ sì wà. Bí atẹ́gùn bá ti fẹ́ láti ìhà ọjà, a gbé òórùn apẹ̀rẹ̀ tòmátì tó ti ń ṣomi, ti àlùbọ́sà, ti ata rodo tí oòrùn ti pa, gba ojú fèrèsé wọlé. Àwọn tó ń fọ ilẹ̀ a wá da Ísáàlì lé e lórí, méjèèjì a pò pọ̀ di òórùn kẹta tí mi ò tíì rí orúkọ fún títí dòní. Bí tòmátì bá bàjẹ́ nílé ìdáná mi báyìí, kí n tó gbé e dànù, inú mi ti máa ru. Ìbínú ni mò ń wí o, kì í ṣe èébì. Mo fẹ́ kó yé ẹ pé inú ṣì ń bí mi, torí gbogbo ẹni tí mo bá sọ ọ́ fún ló máa ń ní ó ti pẹ́, pé kí n gbàgbé. Ó ti pẹ́ lóòótọ́. Àwọn ọdún tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ti tolórí-tẹlẹ́mù ni, tí wọ́n ń pe ìpè fún ènìyàn lábẹ́ agboòrùn ní gbogbo orígun Kétu. Mo ṣì wà ní yunifásítì nígbà náà, mò ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì.

Láti yunifásítì ni wọ́n ti ń kó wa wá sí wọ́ọ̀dù náà láti kọ́ṣẹ́ lára aláìsàn. Ohun tí a kọ́kọ́ bá níbẹ̀ ni ìsìn òwúrọ̀. Kí àwọn tó ń bọ̀ tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń lọ, mátírọ́ọ̀nù a dúró láàárín wọ́ọ̀dù, a pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, orin a bẹ̀rẹ̀. Obìnrin tó ń rọbí, obìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán lójú iṣẹ́ abẹ, Mùsùlùmí, Aládùúrà, gbogbo wọn ni mátírọ́ọ̀nù máa wò lójú títí wọ́n á fi ṣe àmín. Bí àmín bá lọ sílẹ̀, wọ́n á ní, "Ṣé ẹ ò fẹ́ lọ sílé ni?"

Olùkọ́ wa ò fẹ́ràn nǹkan yìí rárá, ìyẹn sì ni mo fi kọ́kọ́ fẹ́ràn wọn. Obìnrin ni wọ́n, ọmọ Yorùbá pọ́ńbélé, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú òyìnbó dé pẹ̀lú oyè ọ̀mọ̀wé, ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ẹ̀mí ni wọ́n sì wá ń kọ́ wa. Títí di ìgbà náà, a rò pé ìtọ́jú ẹ̀mí kò ju kí nọ́ọ̀sì gbàdúrà lé aláìsàn lórí. Olùkọ́ wa ní irọ́ ni. Wọ́n ní ẹ̀mí ènìyàn kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ nìkan, pé ohun tó ń fún un lókun ni, ohun tó ń bà á lẹ́rù, ohun tó gbà pé ó tọ́. Ìlà kìíní nínú ohun tí wọ́n kọ sí pátákó fún wa nìyí, mo lè kà á fún ẹ lórí: Bi í léèrè. Wọ́n fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Inú mi dùn dé orí. Mo rò pé a ti rí ẹni tó máa gba àwọn obìnrin wọ̀nyẹn lọ́wọ́ àmín tipátipá.

Mo ṣì ń pe olùkọ́ náà ní wọ́n, o rí i. Bí inú ṣe ń bí mi tó, ẹnu mi ò gbà á láti pè é ní ó. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ mi ní ilé wa l'Ólówóra, níbi tí géètì ti wà lẹ́nu àdúgbò, tí dádì mi jẹ́ díkónì, tí ọmọ kì í dá àgbà lóhùn. Fi ìyẹn sọ́kàn, a máa tó débẹ̀.

Aláìsàn tí wọ́n pín fún mi jẹ́ obìnrin kan tí kò ju ọjọ́ orí mi lọ púpọ̀. Ọkọ rẹ̀ ń jó irin ní Òwòdé Onírin, nítorí náà ni gbogbo wọ́ọ̀dù fi ń pè é ní Ìyàwó Onírin. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbé e wá, oyún rẹ̀ sì ti dàgbà. Dókítà ti fẹ́ kó máa lọ sílé kó máa wá gbàwòsàn, àmọ́ Ajégúnlẹ̀ tó wà lẹ́bàá odò ni wọ́n ń gbé, òjò ọdún yẹn sì ti gbé omi wọ ilé wọn dé ìdajì ògiri. Màmá rẹ̀, tó ti Òkè-Ògùn wá dúró tì í, ló ní òun ò ní gbé ọmọ òun gun ọkọ̀ ojú omi lórí ìrọbí. Ni wọ́n bá dá a dúró sí wọ́ọ̀dù.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ó gbé ọwọ́ mi kúrò lára rẹ̀.

"Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ rọra jàre. Alhájì ń sùn, ẹ máa jí wọn."

"Alhájì wo?"

Ó nawọ́ sí ikùn rẹ̀. "Bàbá mi ni. Oyún yìí ò tíì hàn nígbà tí wọ́n kú. Gbogbo ará ilé wa ti ní àwọn ni wọ́n ń padà bọ̀. Bí mo bá jókòó báyìí, ìyáálé ilé wa á ní, 'Alhájì, ẹ kú ìjókòó o.'"

"Tó bá wá jẹ́ obìnrin ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé Alhájì ti ra síkẹ́ẹ̀tì nìyẹn!"

Ẹ̀rín bẹ́ láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì. Obìnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún di ikùn mú, ó ń bẹ̀ wá pé ká má pa òun. Láti ọjọ́ yẹn, Alhájì ni orúkọ tí gbogbo wa mọ ọmọ inú rẹ̀ sí. Mátírọ́ọ̀nù pàápàá a máa kọjá, a ní, "Alhájì, ṣé ẹ ti jí?" Orúkọ gan-an kò ní í jẹ́ Alhájì, ìwọ náà mọ̀. Ọmọkùnrin tí wọ́n bá bí lẹ́yìn tí bàbá àgbà kú, orúkọ rẹ̀ ti ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo gbé ohun èlò tí a fi ń gbọ́ ọkàn ọmọ, èyí tó rí bíi fèrè kúkúrú, lé ikùn rẹ̀. Mo tẹ́tí. Mo sún un sí òsì, mo sún un sí ọ̀tún, mo tún padà síbi tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ nínú etí èmi fúnra mi ni mò ń gbọ́. Ó ń wo ojú mi láti orí ìrọ̀rí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ó ti rẹ Alhájì," ó ní. "Láti àná ni wọn ò ti ta mí nípàá."

Mi ò ní fi ohun tó tẹ̀lé e dá ẹ lágara. Dókítà wá, wọ́n fi ẹ̀rọ wò ó, wọ́n sọ fún un lórí ìdúró bí ẹni ń sọ pé iná ti lọ, wọ́n sì fa oògùn ìrọbí sí i lára. Ó rọbí ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń rọbí ọmọ tó máa ké. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ló bí i. Ọkùnrin ni.

Bí àṣà wa ṣe rí, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Irú òkú bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí ìyá ń wò. Àwọn àgbà ló ń gbé e lọ, àwọn ló ń sin ín, wọn kì í sì í fi ibẹ̀ han àwọn òbí rẹ̀. Àwọn kan máa ń pe èyí ní àìlàjú. Mi ò rò bẹ́ẹ̀ mọ́. Agbẹ̀bí pe màmá arúgbó yẹn sí yàrá ẹ̀gbẹ́ kí wọ́n wá wo ọmọ, èmi ni mo sì dúró tì wọ́n. Wọ́n ṣí aṣọ náà. Wọ́n wò ó. Wọ́n fi ọwọ́ kan di ògiri mú, mo sì gbọ́ tí wọ́n ń sọ ọ́ sínú pé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run la ti wá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ la ó padà sí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dì í padà. Wọ́n ta aṣọ yẹn ní kókó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún ta á lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n fi eyín fà á kó le dáadáa.

Wọ́n jáde lọ bá ọmọ wọn. Mo tẹ̀lé wọn.

"Omi ló dànù, akèrègbè ò fọ́," wọ́n ní. Wọ́n gbá orí rẹ̀ mọ́ra. "Akèrègbè ni mo fẹ́. Ṣé o gbọ́? Akèrègbè ni tèmi."

"Màmá, mi ò fẹ́ rí i."

"O ò ní rí i."

"Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé e wá síbí."

"Mo ní o ò ní rí i. Àbúrò bàbá rẹ ti ń bọ̀ wá gbé e."

Nígbà tó dijú, màmá náà fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọwọ́ wọn gbẹ, ó sì gbóná. "Ìwọ ọmọ yìí, ìwọ nìkan ni mo mọ̀ níbí. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi hàn án. Mo ti rí i. Mo mọ ohun tí mo rí." Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Mi ò bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rí. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àṣà ni.

Kò pẹ́ sígbà náà tí olùkọ́ wa dé pẹ̀lú kíláàsì wa tó kù. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi wọ aṣọ funfun, wọ́n mú kálàmù lọ́wọ́. Agbẹ̀bí sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn. Olùkọ́ wa yọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n nu ojú, ẹkún tòótọ́ ni, mi ò ní bù wọ́n kù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yíjú sí wa. Wọ́n ní ohun tí àwọn ti ń wá láti fi kọ́ wa nìyí. Wọ́n ní níbi tí àwọn ti kàwé, tí obìnrin bá bí òkú ọmọ, wọ́n máa ń gbé e fún un kó gbá a mọ́ra, kó wo ojú rẹ̀, kó sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n á sì tẹ ẹsẹ̀ ọmọ náà sórí káàdì fún un kó fi ṣe ìrántí. Wọ́n ní èyí tí a máa ń ṣe ní Nàìjíríà, pé ká gbé e sá lọ bí ẹrù olè, ló ń ba ọkàn àwọn obìnrin jẹ́ títí ayé.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ó ní òun ò fẹ́ rí i."

"Òun ló sọ bẹ́ẹ̀, àbí màmá rẹ̀ ló ń fi sí i lẹ́nu?"

"Òun fúnra rẹ̀ ni, mà. Mo wà níbẹ̀."

"Nígbà wo?"

"Ṣẹ̀ṣẹ̀ báyìí ni, mà."

"O ò rí i fúnra rẹ? Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ ni. Denial ni." Wọ́n yíjú sí àwọn tó kù. "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

Wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Denial: pé ènìyàn ń sẹ́ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí i, ìpele kìíní nínú ọ̀fọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí o bá mi wò dáadáa, torí ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn ti tì mọ́ obìnrin yẹn. Bó bá ní òun fẹ́, wọ́n á gbé e fún un. Bó bá ní òun ò fẹ́, ìwé ti ní orúkọ fún àìfẹ́ rẹ̀, orúkọ náà sì jẹ́ ti àìsàn, àìsàn ọ̀hún sì ní oògùn, oògùn náà sì ni pé kí wọ́n gbé e fún un. Kò sí ọ̀rọ̀ kan lábẹ́ ọ̀run tó lè tẹnu rẹ̀ jáde tí kò ní já sí bẹ́ẹ̀ ni.

Mo tún gbìyànjú. Mo ní màmá rẹ̀ bẹ̀ mí. Olùkọ́ wa ní màmá rẹ̀ kọ́ ni aláìsàn wa. Mo lọ bá mátírọ́ọ̀nù nídìí tábìlì wọn, mo rò pé ẹni tó ń fipá gba àmín pàápàá á mọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Mátírọ́ọ̀nù ò gbójú sókè. "Ẹ̀yin ará yunifásítì," wọ́n ní, "ẹ jọ máa bá ara yín sọ ọ́. Ní tèmi, mo ti gbàdúrà fún un." Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n ní èrò ti pọ̀ jù nídìí bẹ́ẹ̀dì, kí màmá arúgbó sọ̀ kalẹ̀ lọ sísàlẹ̀ títí tíṣà á fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ níṣẹ́ tán. Màmá náà wò mí bí wọ́n ṣe ń kọjá. Wọ́n rò pé ẹ̀jẹ̀ tó ń dà lára ọmọ wọn ni a fẹ́ yẹ̀ wò. Wọ́n sì rò pé mo wà níbẹ̀.

Mo wà níbẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n fa aṣọ ìkélé yí bẹ́ẹ̀dì ká, a tò yípo. Olùkọ́ wa jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n di ọwọ́ obìnrin náà mú nínú tiwọn méjèèjì. Ohùn wọn tutù bí omi àmù.

"Ìyàwó, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ kú àmúmọ́ra. Ṣé ẹ fẹ́ ká jọ kí ọmọ yín pé ó dìgbòóṣe?"

"Rárá, mà."

"Mo mọ̀ pé ó le."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ gbé e fún màmá mi."

"Ẹ má bẹ̀rù. Tó bá yá, ẹ ó dúpẹ́."

Omi tí wọ́n ń fà sí i lára ti de ọwọ́ rẹ̀ kan mọ́lẹ̀, olùkọ́ wa di ìkejì mú tìfẹ́tìfẹ́. Kò sí èyí tó lè fi bojú. Ó yí orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ojú akẹ́kọ̀ọ́ ló bá níbẹ̀. Ó yí i sí ìkejì, ojú akẹ́kọ̀ọ́ náà ni. Wọ́n gbé ọmọ náà lé e láyà. Wọ́n fẹ́ tú aṣọ, kókó tí màmá rẹ̀ ta kò tú. Wọ́n gbìyànjú, wọn ò rí i tú. Wọ́n ní kí ẹnìkan mú síṣọ́ọ̀sì wá. Ẹlẹgbẹ́ mi kan mú un wá, wọ́n gé kókó náà.

Ó wò ó. Kì í ṣe pé ó fẹ́. Ó kàn wà níwájú rẹ̀ ni. Mo gbọ́ dẹ́rẹ́bà kan tó ń fọn fèrè ọkọ̀ ní ìsàlẹ̀, mo gbọ́ tí ẹnìkan ń bú u. Olùkọ́ wa ní, "Kí lẹ fẹ́ máa pè é?" Etí ọmọ náà ló tẹjú mọ́. Wọ́n ní kí ó má ṣèyọnu, pé a máa tẹ ẹsẹ̀. Wọ́n ti yá yíǹkì tí wọ́n fi ń lu òǹtẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ìsàlẹ̀. Èmi tí aláìsàn jẹ́ tèmi ni wọ́n ní kí n di ẹsẹ̀ mú. Mo dì í mú. Kò tutù tó bí mo ti rò. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ yíǹkì, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ káàdì, ọ̀tún, lẹ́yìn náà òsì, ìka ẹsẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sì hàn kedere.

Olùkọ́ wa dìde, wọ́n sọ ohùn kalẹ̀. "Ẹ wo bí ojú rẹ̀ ṣe balẹ̀. Kò sunkún. Ẹ rí nǹkan tí mò ń wí? Acceptance." Wọ́n kọ ìyẹn náà sílẹ̀, pé ó ti gba ohun tó ṣẹlẹ̀, ìpele ìkẹyìn nínú ọ̀fọ̀. Wọ́n kó kíláàsì lọ, wọ́n ní kí n dúró tì í.

Mo ti fi aṣọ bo ojú ọmọ náà padà, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí n gbé e kúrò.

"Àǹtí Nọ́ọ̀sì."

"Mo wà níbí."

"Etí yẹn. Etí bàbá mi ni. Àwọn náà ní ilà kékeré kan lókè etí bẹ́ẹ̀, bí ẹni pé ènìyàn gé e. Ẹ wò ó." Mi ò wò ó. "Ìgbà tí wọ́n kú, àwọn ará ilé ò jẹ́ kí n wò wọ́n. Wọ́n ní aboyún kì í wòkú. Nínú yàrá ni mo ti gbọ́ ariwo tí wọ́n ń gbé wọn lọ. Wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀, pé àwọn náà ló wà nínú mi yìí, pé mo máa rí wọn." Ó mí sínú. "Òní ni ẹ wá fi òkú bàbá mi hàn mí."

"Ẹ" ló pè wá. Mo wà nínú ẹ yẹn.

Ìgbà náà ló tó yé mi ohun tí màmá arúgbó yẹn rí ní yàrá ẹ̀gbẹ́. Ojú ọkọ wọn ni wọ́n rí. Wọn ò lè sọ ọ́ fún mi, torí bí wọ́n bá sọ ọ́, ọ̀rọ̀ náà lè dé etí ọmọ wọn, ohun tí wọ́n sì ń sá fún gan-an nìyẹn. Wọ́n dá a rù, wọ́n ta á ní kókó, wọ́n fi eyín fà á. Mo bi ẹ́, èwo nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ sí pátákó fún wa ló jẹ́ ìtọ́jú ẹ̀mí tó ju ìyẹn lọ?

Àbúrò bàbá rẹ̀ dé, ó dúró sísàlẹ̀ lábẹ́ igi fúrúùtù pẹ̀lú aṣọ funfun nínú ọ̀rá. Màmá náà gòkè wá. Wọ́n rí aṣọ tí wọ́n gé. Wọ́n wo ojú ọmọ wọn, wọn ò béèrè nǹkan kan. Wọ́n tú gèlè orí ara wọn, gèlè dúdú kan tó ti ṣá, wọ́n fi di ọmọ náà yípo, wọ́n gbé e. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n tẹrí ba díẹ̀.

"Ẹ ṣeun," wọ́n ní.

Èmi tí wọ́n ń pè ní ìwọ ọmọ yìí ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn kan náà. Ká ní wọ́n bú mi ni, ká ní wọ́n gbá mi létí, mo rò pé ǹ bá ti gbàgbé.

Ní kíláàsì, wọ́n ní kí n wá síwájú, kí n ṣàlàyé bí a ṣe tọ́jú ẹ̀mí aláìsàn náà títí ó fi rí àlàáfíà. Mo bọ́ síwájú, mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, mo sọ ti bàbá, mo sọ ti etí. Olùkọ́ wa wò mí pẹ̀lú àánú. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára jù, pé èmi náà ló wà nínú denial báyìí. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo gba ọ́fíìsì olórí ẹ̀ka wa lọ, ọkùnrin àgbàlagbà kan, ẹni jẹ́jẹ́. Wọ́n gbọ́ mi dé òpin.

"Ṣé Mùsùlùmí ni ẹ́ ni?"

"Rárá, sà. Díkónì ni dádì mi."

"Kí wá ni tìẹ níbẹ̀?"

Wọ́n ní olùkọ́ wa fẹ́ràn mi, pé ẹ̀mí ìkorò ló fẹ́ wọ inú mi, pé kí n kúnlẹ̀. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n lé ẹ̀mí ìkorò jáde lára mi fún ìgbà pípẹ́. Mo ṣe àmín. Kí ni ǹ bá ṣe? Àmín náà ò lọ sílẹ̀ o, ó jáde ketekete.

Mo ti kà á síwá, mo ti kà á sẹ́yìn, kí n lè mọ ibi tí ẹ̀bi náà jókòó sí gan-an. Mi ò ní purọ́ mọ́ olùkọ́ wa. Ìlà kìíní sọ pé bi í léèrè, wọ́n sì bi í. Ohùn wọn dára nígbà tí wọ́n ń bi í. Ohun tí mò ń bínú lé lórí ni pé ó dáhùn. Ó dáhùn ní Yorùbá tó já gaara, ọ̀rọ̀ tí ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀rọ̀ mọ̀, àwọn tó kàwé jù lọ nínú ilé náà ni ọ̀rọ̀ náà ò sì yé. Ìwé òyìnbó tí wọ́n fi kọ́ wa gan-an kò ní bínú bí wọ́n bá gba "rárá" tó sọ. Mo ti kà á láti ìgbà náà. Kò sí ibi tó ti ní kí wọ́n di ọwọ́ obìnrin mú kí wọ́n sì gé kókó ìyá rẹ̀. Mátírọ́ọ̀nù ń fipá gba àmín, olùkọ́ wa ń fipá gba àlàáfíà, obìnrin kan náà ló dùbúlẹ̀ sábẹ́ àwọn méjèèjì.

Kò gba káàdì náà. Nígbà tí mo nà án sí i, ó wo ọwọ́ mi bí ẹni ń wo iná. Olùkọ́ wa ní kí n tọ́jú rẹ̀, pé tó bá yá, á béèrè. Nígbà tí mo tún máa padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ti dá a sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, mo lọ sí Ajégúnlẹ̀ pẹ̀lú káàdì yẹn nínú báàgì. Mo rìn dé ibi tí títì ti wọ inú omi. Ọkùnrin kan tó ń fi ọ̀pá tukọ̀ sún mọ́ mi, ó ní, "Sístà, ilé ta lẹ̀ ń lọ?" Mo la ẹnu. Mo ro ohun tí mo fẹ́ lọ fà lé obìnrin yẹn lọ́wọ́ nínú ilé tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fà kúrò nínú rẹ̀. Mo ní mo ṣìnà ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹni tó bá dé etí omi yìí kì í ṣìnà o, sístà. Ó yẹ kẹ́ ẹ mọ ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ." Mo padà sí Kétu.

Báyìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ èmi náà. Wọ́n ń kọ́ ìtọ́jú ẹ̀mí, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ju bí a ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Mo ń sọ ìtàn yìí fún wọn, wọ́n á mi orí, àwọn mìíràn á sunkún, mo sì máa ń rí i lójú wọn pé wọ́n rò pé irú ìyẹn ò lè ti ọwọ́ àwọn wáyé láé. Bẹ́ẹ̀ ni àwa náà rò.

Káàdì náà ṣì wà nínú àpótí aṣọ mi. Yíǹkì rẹ̀ ti ń pọ́n, àmọ́ ìka ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣì hàn, ẹsẹ̀ tí kò tẹ ilẹ̀ rí. Mi ò lè sun ún. Mi ò lè jù ú nù. Mi ò lè lọ sin ín sọ́dọ̀ ọmọ tó ni ín, torí àwọn àgbà tó sin ín ò fi ibẹ̀ han ìyá tó bí i, ká má tíì sọ ti èmi. Akèrègbè ni màmá yẹn bẹ̀ mí pé kí n bá wọn ṣọ́. Omi tó dànù ló wá kù sí mi lọ́wọ́.